Abọ́ Ẹ̀fọ́ Tó Mọ́ Tónítóní

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ẹ̀fọ́ lásán ò lè ba ayé ọmọ ènìyàn jẹ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n rò ó fún yín. Mi ò ní purọ́, mi ò sì ní bu iyọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ Oyèfúnkẹ́ ni, ọmọ Zacharie tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní katekísìmù ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Adja-Ouèrè. Ìyá rẹ̀ ti kú kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìkòkò ìyá rẹ̀ ló jogún, ó sì mọ̀ ọ́n lò. Òun ló ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ náà a sì máa lá àwo débi pé olùkọ́ wọn máa ń dápàárá pé kí wọ́n má wulẹ̀ fọ àwo mọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà tó pàdé Ràzákì. Ọjọ́ ọjà ni, ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo ènìyàn ti la. Ọkùnrin gíga kan jókòó sẹ́yìn apẹ̀rẹ̀ ẹ̀fọ́ tí ẹnikẹ́ni ò rí irú rẹ̀ rí. Ewé náà nípọn, ó ṣú, etí rẹ̀ sì lọ́ kókó-kókó bí irun orí tí wọn ò yà. Àwọn obìnrin dúró tì í, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ràzákì, ṣé ẹ̀fọ́ lèyí àbí kànrìnkàn?"

"Kélì ni wọ́n ń pè é," ni ọkùnrin náà wí. "Irú ṣúù kan ni, kábéèjì tí ẹ mọ̀ yẹn, àmọ́ kì í dì bíi tàwọn tó kù."

"Gbé e lọ fún ewúrẹ́ rẹ o jàre! Ewé yìí á ha èèyàn lọ́fun."

Oyèfúnkẹ́ náà rẹ́rìn-ín, kí n má parọ́. Àmọ́ nígbà tó rí i tí ọkùnrin náà ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, tí kò bínú, tí kò bú ẹnikẹ́ni, tó kàn ń to ewé rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn, àánú rẹ̀ ṣe é.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń sè é?" ó bi í.

Ràzákì gbójú sókè. "Èmi gan-an ò mọ̀. Ibi tí mo ti lọ kọ́ṣẹ́ ní Sèmè, gbígbìn ni wọ́n kọ́ wa, wọn ò kọ́ wa ní jíjẹ."

Ẹ̀rín tó bọ́ lẹ́nu Oyèfúnkẹ́ lọ́jọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ò mọ ibi tó ti wá. Ràzákì fún un ní ìdì méjì, ó gbà á, ó gbé e lérí. Ẹ wò ó, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní ó bá tirẹ̀ lọ ni, ǹ bá má rí ìtàn sọ lónìí, inú mi ì bá sì dùn.

Sísè àkọ́kọ́ bàjẹ́. Ó sè é bí ẹni se gbọmá, ẹ̀fọ́ tí gbogbo ilé ń sè: ó já a, ó dà á sínú epo, ó dé e mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé jẹ ẹ́ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn wọ́n, wọn ò rí i gbé mì. Lọ́jọ́ kejì, Oyèfúnkẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Massè, níbi tí Ràzákì gbé ní oko ẹ̀fọ́ létí odò. Ìjà ló bá lọ.

"Awọ bàtà lo gbé fún mi!"

"Ìwọ lo ò sè é dáadáa," ni Ràzákì dáhùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó wọ inú ahéré, ó mú agolo kékeré kan jáde, ó da ohun tó wà níbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́: wóró dúdú wínníwínní, tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. "Irúgbìn rẹ̀ nìyí. Ooru ilẹ̀ wa ti pọ̀ jù fún un, kì í so níhìn-ín. Èyí tó wà nínú agolo yìí nìkan ni mo ní. Kò sí ẹlòmíràn tó ní in ní gbogbo agbègbè yìí. Tó bá tán, ó tán."

"Ìdọ̀tí ìdí ìkòkò lo pè ní irúgbìn."

"Fara balẹ̀, Oyè. Ewé yìí ò le. A ò tíì mọ̀ ọ́n mú ni."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí wọ́n ṣe máa mú un nìyẹn. Lọ́sẹ̀ yẹn, Oyèfúnkẹ́ fa igi àárín ewé náà yọ, ó ká ewé jọ, ó rẹ́ ẹ wínníwínní bí ẹni rẹ́ tábà, ó bu iyọ̀ lé e, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì rà á títí ó fi rọ̀, tó gbé omi jáde. Ó fún un. Ó ti dín ata àti àlùbọ́sà nínú epo pupa, ó ti da irú àti ẹja gbígbẹ sí i, ó ti jẹ́ kí ẹ̀gúsí dì. Ìkẹyìn pátápátá ló wá da ewé náà sí i, ó rò ó lẹ́ẹ̀mẹta péré, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí Ràzákì fi èbà kó o, ó tẹ orí mọ́ àwo. Ó jẹ òkèlè kejì, kò gbójú sókè.

"Ṣé kò dùn ni?" Oyèfúnkẹ́ bi í.

"Jẹ́ kí n jẹun ná, o jàre."

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tí wọn ò fi kélì ṣe. Oyèfúnkẹ́ yan ẹ̀pà, ó lọ̀ ọ́, ó fi sè é títí ọbẹ̀ náà fi ki. Ó rẹ́ ẹ sínú ẹ̀wà tó lọ̀, ó fi ṣe ọ̀lẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń du ìdì. Lọ́jọ́ kan tí kò sí igi ìdáná ní oko, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó rẹ́ àlùbọ́sà àti tòmátì lé e, ó fi òróró díẹ̀ pa á, ó ní kí Ràzákì jẹ ẹ́ ní tútù pẹ̀lú gàrí.

"Ṣé ewúrẹ́ ni mí?"

"Jẹ ẹ́!"

Ó jẹ ẹ́, ó sì lá ọwọ́. Èyí tó wá dùn mọ́ ọn jù ni èyí tí kò ní wàhálà rárá: kí a fi òróró àti iyọ̀ ra ewé náà lára, kí a tẹ́ ẹ sínú agbada gbígbóná títí yóò fi gbẹ, tí á máa ró kàrà-kàrà lẹ́nu. Wọ́n máa ń jókòó sórí ebè, wọ́n á máa jẹ ẹ́, ẹnu wọn á máa ró. Ibẹ̀ ni Ràzákì gbé sọ ọ́.

"Oyè, mo fẹ́ kó o máa sè é fún mi títí eyín mi á fi ká tán."

"Mùsùlùmí ni ẹ́."

"Mo mọ̀."

"Katekísì ni bàbá mi."

"Mo mọ ìyẹn náà. Ìwọ ńkọ́, kí lo mọ̀?"

Oyèfúnkẹ́ wo odò, ó wo ebè, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó kún fún òróró. Ohun tó mọ̀ ò pọ̀. Ó mọ̀ pé láti ìgbà tí ìyá òun ti kú, kò sí ẹni tó bi òun rí bóyá òun ti jẹun, àfi ọkùnrin yìí. "Mo gbà," ló wí.

Ìfẹ́ àti oyún, kò sí èyí tó ṣeé fọwọ́ bò. Nígbà tí oṣù méjì fi máa pé, Zacharie ti gbọ́. Ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Ẹ̀fọ́ wo ló ń gbé ọ lọ sí Massè lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀?"

"Bàbá, ẹ má bínú."

"Mi ò tíì bínú. Mú fóònù rẹ wá." Ó gbà á, ó yọ káàdì inú rẹ̀, ó jù ú sínú ṣáláńgá. "Oyè, ẹ̀sìn rẹ̀ ń dùn mí, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ṣé o rántí Nadège, àbúrò mi?"

"Mo rántí, Bàbá."

"Ó wọ ilé tí ìyá ọkọ ò fẹ́ ẹ. Ṣé o rántí bó ṣe padà wá bá wa?"

Oyèfúnkẹ́ rántí. Àǹtí Nadège padà wá pẹ̀lú àpò kan, kò jẹun, kò sọ̀rọ̀, kí ọdún sì tó yí wọ́n ti sin ín.

"Mi ò ní sin ẹlẹ́ẹ̀kejì," ni Zacharie wí. "Wọ́n ní Sàlímátù, ìyá ọmọ náà, ń sọ káàkiri pé òun ò lè fẹ́ ọmọ Kátólíìkì tí ò mọ àlùwàlá sílé òun. Bí obìnrin yẹn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà ọ́, èmi á lọ bá Mọ́npẹ̀ẹ̀, àlùfáà wa, sọ̀rọ̀, ojú yòówù kó tì mí. Bí kò bá gbà ọ́, mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Ràzákì nílé yìí mọ́ láéláé. Ṣé o gbà bẹ́ẹ̀?"

"Mo gbà, Bàbá."

Oyèfúnkẹ́ fi Bíbélì búra. Kí ló tún kù tó lè ṣe?

Alárinà wọn ni Tàǹtí Bíntù, obìnrin tó ń ta irú, tí ilé rẹ̀ ò jìnnà sí tiwọn. Òun àti Sàlímátù jọ ń kírun. Ènìyàn rere ni Bíntù, inú rẹ̀ mọ́, àmọ́ ìmọ́tótó rẹ̀ ti kọjá ààlà. Àwọn ará àdúgbò ní bí ẹ bá fún Bíntù ní iyọ̀, á kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ó fa Oyèfúnkẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó la ọ̀nà fún un.

"Gbọ́ mi dáadáa. Ọmọ ìlú Tatonnonkon ni Sàlímátù. Ní agboolé tiwọn, ẹnu kì í sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó, abọ́ ló ń sọ ọ́. Wàá se ọbẹ̀, èmi á gbé e lọ. Bó bá gbà ọ́, á fi ohun tó lè hù sínú abọ́ rẹ, á dé e padà. Wọ́n máa ń fi àgbàdo sí i, àwọn mìíràn ẹ̀wà. Ìwọ á gbìn ín. Ọjọ́ tó bá yọ ewé, wàá ránṣẹ́ sí wọn pé ó ti hù, wọ́n á wá tọrọ rẹ. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, Ràzákì ò gbọdọ̀ tẹsẹ̀ wọ ilé yín, kò sì gbọdọ̀ bi ọ́ léèrè."

"Bí kò bá gbà mí ńkọ́?"

"Abọ́ á padà lófìfo. Kò sí àlàyé, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ lọ béèrè."

Oyèfúnkẹ́ ò fọwọ́ kan oúnjẹ fún ọjọ́ méjì. Ó ń rò ó, ó ń tún un rò. Ẹran ò ṣeé fi sí i, torí Sàlímátù ò ní jẹ ẹran tí Mùsùlùmí ò pa, nítorí náà ó wá ẹja gbígbẹ tó dára jù ní ọjà. Ràzákì rán ewé wá láti ọwọ́ Bíntù, ewé àárọ̀ tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Ó fa igi àárín wọn yọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó rà á níyọ̀, ó ń rà á, ó ń gbàdúrà. Ó ní, "Màríà Ìyá mi, ìwọ náà ti jẹ́ ìyàwó ilé. Bá mi bá obìnrin yìí sọ̀rọ̀." Nígbà tó sè é tán, ó bù ú sínú abọ́ tánganran ìyá rẹ̀, èyí tó ní òdòdó búlúù létí. Gbogbo ayé rẹ̀ ló bù sínú abọ́ yẹn. Bíntù gbé e lọ ní Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni abọ́ náà padà dé. Oyèfúnkẹ́ rí Bíntù lókèèrè, ó sáré pàdé rẹ̀. Ojú Bíntù wà nílẹ̀.

"Tàǹtí, ṣé wọ́n jẹ ẹ́?"

"Wọ́n jẹ ẹ́ tán, ọmọ mi."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọn kì í wí nǹkan kan. Mo ti sọ fún ọ."

Oyèfúnkẹ́ ṣí ọmọrí. Abọ́ náà mọ́ tónítóní. Ó ń dán. Òdòdó búlúù etí rẹ̀ ń dán. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ bí ẹni pé àgbàdo lè wà níbẹ̀ kí ojú má rí i. Kò sí nǹkan kan.

"Mú ọkàn le, Oyè mi," ni Bíntù wí, omi ti lé sójú òun náà. "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe."

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ Bíntù bí ìbejì ní Kétou, Bíntù di ẹrù ó lọ gbọ́mọ. Oṣù mẹ́rin gbáko ló lò níbẹ̀.

Zacharie ò fi ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀sín, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ó jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó ní, "Ó parí, ọmọ mi. Ó sàn kó jẹ́ nísinsìnyí." Oyèfúnkẹ́ ò sunkún. Ó lọ se oúnjẹ ilé-ìwé, ó sọ iyọ̀ di ẹ̀ẹ̀mejì, àwọn ọmọ ò lá àwo lọ́jọ́ yẹn.

Lójú rẹ̀, ohun tó burú jù kì í ṣe Sàlímátù. Ràzákì ni. Ó ń rò ó pé: bó bá fẹ́ mi lóòótọ́, ṣé kò lè bá ìyá rẹ̀ jà ni? Ṣé kò lè rán ẹnìkan sí mi kó ní kí n ṣe sùúrù? Lẹ́yìn náà á tún ní: bóyá òun náà ń sunkún. Lẹ́yìn náà á tún ní: bóyá òun ló ní kí ìyá òun dá abọ́ náà padà. Lọ́jọ́ kan, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ìdajì ọ̀nà Massè. Ó dúró sábẹ́ ọ̀pẹ, ó ronú lórí ìbúra tó ṣe, ó ronú lórí bí Sàlímátù yóò ṣe wò ó bí alágbe, ó sì yí kẹ̀kẹ́ padà. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìtìjú ti pa ènìyàn ju ibà lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n pàdé lọ́jà. Ràzákì kàn dúró níwájú rẹ̀ ni, ó ti rù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún.

"Oyè," ó ní. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnìkan ń gbọ́. "Ṣé kò sí ìròyìn kankan?"

Oyèfúnkẹ́ rò pé ó fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni, tàbí pé ó fẹ́ kí òun máa bẹ̀bẹ̀. Bó bá dúró ní ìṣẹ́jú kan sí i, á bú sẹ́kún láàárín ọjà.

"Ìròyìn wo ló tún kù?" ó ní, ó sì kẹ̀yìn sí i.

Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, Ràzákì ti lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ní ó ti sọdá sí Nàìjíríà, pé kò sọ ọjọ́ tó máa dé. Koríko bẹ̀rẹ̀ sí í bo ebè rẹ̀ létí odò, ewúrẹ́ àwọn ará Massè sì jẹ kélì náà tìdítìdí. Wọ́n kúkú ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un lọ́jọ́sí.

Ní oṣù Lẹ́ńtì, Gildas wá. Olùkọ́ ni ní Kpoulou, Kátólíìkì ni, ó ní ilé olórùlé páànù, kì í mu ọtí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò sì pọ̀. Zacharie bi ọmọ rẹ̀ léèrè.

"Ṣé o fẹ́ ẹ?"

"Ẹ ṣe bó ṣe wù yín, Bàbá."

"Mi ò bi ọ́ bó ṣe wù mí."

"Kò burú. Mo gbà."

Wọ́n ka orúkọ wọn fún ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn kíkà kẹta, Oyèfúnkẹ́ pàdé Sàlímátù nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo. Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. Oyèfúnkẹ́ kúnlẹ̀ kí i, torí wọ́n kọ́ ọ nílé.

"Ẹ kú oríire o," ni Sàlímátù wí, ohùn rẹ̀ gbẹ. "Èmi ti ṣe tèmi, ọmọ. Ẹ̀yin lẹ mọ tiyín."

Ó gbé ìyẹ̀fun rẹ̀ rù, ó lọ. Oyèfúnkẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀: ṣé mo ti ṣẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni? Ó lé mi, ó tún ń fi yangàn! Inú tó bí i lọ́jọ́ náà ló gbé e dé iwájú pẹpẹ. Lọ́sẹ̀ kejì lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, Mọ́npẹ̀ẹ̀ so ó pọ̀ mọ́ Gildas. Ó gbé abọ́ tánganran ìyá rẹ̀ dání lọ sí Kpoulou.

Gildas kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀, torí kò sí ohun tí Oyèfúnkẹ́ rí dì mú tó fi lè kórìíra rẹ̀. Ó máa ń jẹ ohun tó bá sè, á ní "O ṣeun," á lọ yẹ ìwé àwọn ọmọ wò. Oyèfúnkẹ́ rò pé bó ṣe máa rí nìyẹn, pé ara á mọ́ ọn, ọkàn náà á sì sùn.

Òjò ti ń rọ̀ nígbà tí Tàǹtí Bíntù yọ lójú ọ̀nà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí. Oyèfúnkẹ́ sáré, ó sọ̀ ọ́, ó gbé omi fún un. Wọ́n kí títí, wọ́n bi ara wọn nípa ìbejì, nípa Zacharie, nípa oko. Bíntù wá fa aṣọ orí apẹ̀rẹ̀ kúrò.

"Mo mú nǹkan wá fún ọ, Oyè mi. Mo mọ̀ pé ìwọ nìkan ló mọ̀ ọ́n sè."

Kélì ni. Ewé ńláńlá, tútù yọ̀yọ̀, etí rẹ̀ lọ́ kókó-kókó.

Oyèfúnkẹ́ ò mọ ìgbà tó dìde dúró. "Ràzákì ti dé?"

"Ó ti o! Sàlímátù ní ó ti tó oṣù kan tó ti pe òun kẹ́yìn. Ẹ̀yìn ilé mi ni mo ti já a. Bí mo ṣe ti Kétou dé báyìí, mo bá a níbẹ̀, ó tó mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, ó hù yíká ibi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn gbà. Ó yà mí lẹ́nu! Ta ló gbìn ín?"

Oyèfúnkẹ́ jókòó padà.

"Tàǹtí," ó ní jẹ́jẹ́, "kí lẹ máa ń ṣe níbi omi balùwẹ̀ yẹn?"

"Ibẹ̀ ni mo ti ń fọ àwo, ṣebí o mọ̀. Ibẹ̀ náà ni mo ti fọ abọ́ rẹ lọ́jọ́sí."

"Abọ́ mi."

"Ọmọ mi, mi ò fẹ́ sọ ọ́ fún ọ nígbà náà. Àmọ́ o ti wọlé ọkọ báyìí, ó ti tán. Ojú ọ̀nà ni mo ti ṣí abọ́ yẹn wò, torí ara mi ò balẹ̀. Kò sí àgbàdo, kò sí ẹ̀wà. Wọn ò tiẹ̀ fọ̀ ọ́, Oyè! Epo ṣì wà lára rẹ̀, ìdọ̀tí dúdú wínníwínní wá lẹ̀ mọ́ ọn nídìí, bí ìgbà tí èèrà gbé nǹkan wọ̀ ọ́. Inú bí mi. Mo ní wọ́n kọ ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n tún fi ẹ̀gbin kún abọ́ ìyá rẹ̀ tó ti kú. Mo ní mi ò ní gbé irú ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀ lé ọ lọ́wọ́. Mo fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́ dáadáa, mo nù ún kí n tó gbé e wá."

Oyèfúnkẹ́ rí àtẹ́lẹwọ́ Ràzákì létí odò, ó rí wóró dúdú tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ó rí Sàlímátù nídìí ẹ̀rọ: èmi ti ṣe tèmi, ọmọ. Ó ti ṣe tirẹ̀ lóòótọ́. Kò fi àgbàdo sí i, kò fi ẹ̀wà sí i. Irúgbìn ẹ̀fọ́ tí ọmọ rẹ̀ fi rí ìyàwó ló fi sí i, èyí tí kò sí ibòmíràn tó ti wá ju inú agolo yẹn lọ. Ràzákì sì ń dúró de ìròyìn pé ó ti hù. Ó ti hù, yéè! Ó ti hù láti oṣù wo, lẹ́yìn ilé onílé, omi ìwẹ̀ ló ń mu, kò sí ẹni tó ránṣẹ́.

"Kí ló ṣe ọ́, Oyè? Ojú rẹ yí padà."

Oyèfúnkẹ́ wo obìnrin arúgbó náà. Ó rí ọwọ́ rẹ̀ tó ti súnkì nítorí omi àti ọṣẹ, ó rí eruku ọ̀nà Kpoulou lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ tó fi rìn wá nítorí ìfẹ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ló wà lẹ́nu rẹ̀, bó bá sì sọ ọ́, Bíntù ò ní sùn mọ́ títí tó fi máa wọ ilẹ̀. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Kí ni àǹfààní kó jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni yóò máa kábàámọ̀?

"Kò sí nǹkan, Tàǹtí," ló wí. "Ẹ ṣeun. Inú rere yín ni."

"Ṣé ó dára pé mo mú un wá?"

"Ó dára gan-an, Tàǹtí. Ṣé ó ṣẹ́kù lẹ́yìn ilé?"

"Rárá, mo ti fà á tu pátá kí n tó máa bọ̀. Ó fẹ́ dí ojú omi fún mi."

Lẹ́yìn tí Bíntù lọ tán, Oyèfúnkẹ́ fa igi àárín ewé náà yọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó rẹ́ ẹ wínníwínní. Ó bu iyọ̀ sí i, ó rà á, ó rà á, ó ń sun ẹkún tí kò sun láti ọjọ́ yìí wá, ó sunkún títí imú rẹ̀ fi dí, tí kò gbọ́ òórùn irú mọ́. Ó ní, "Ràzákì, ẹ̀yìn ni mo kọ sí ọ. Mo kẹ̀yìn sí ọ!" Ó da ewé sínú epo, ó rò ó lẹ́ẹ̀mẹta péré, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

Gildas ti ilé-ìwé dé, ó fọ ọwọ́, ó jókòó. Ó mú òkèlè àkọ́kọ́, ó dúró. Ó mú ìkejì. Ó gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀, bí ẹni pé òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

"Irú ẹ̀fọ́ wo lèyí? Mi ò jẹ ohun tó dùn báyìí rí láyé mi."

"Kélì ni wọ́n ń pè é."

"Ṣé a ò lè gbìn ín sẹ́yìnkùlé?"

"Kì í so níhìn-ín," ni Oyèfúnkẹ́ wí. "Irúgbìn rẹ̀ ti tán."

"Ó mà ṣe o," ni Gildas wí, ó sì bu òkèlè mìíràn.

Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní "O ṣeun," ó lọ yẹ ìwé àwọn ọmọ wò. Oyèfúnkẹ́ gbé abọ́ tánganran ìyá rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé. Omi ti wà nínú ike, kànrìnkàn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó da omi sí i, ó fi ìka tọ ìdí abọ́ náà yíká, díẹ̀díẹ̀, láti etí kan dé èkejì. Epo nìkan ló wà níbẹ̀. Títí di òní tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, kì í fọ abọ́ kankan láìkọ́kọ́ wo ìdí rẹ̀.